Ìjókòó Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Ìbráhìm

N kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Ohun tí ojú mi rí lọ́sàn-án gangan, nílùú Ọ̀fà, ni mo fẹ́ sọ. Bó bá korò létí rẹ, òpùrọ́ pọ̀ nílùú, lọ gbọ́ tiwọn.

Èmi Àkànbí, kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe nítòsí ibùdókọ̀ réluwè. Mo ti rí òmùgọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ títí ó fi sú mi. Kò sí èyí tó tó Ìbráhìm.

Lọ́dún tí a gba òmìnira, òyìnbó réluwè kan ń lọ sílé, ó sì fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún Ìbráhìm. Kẹ̀kẹ́ elérò méjì ni. Ìjókòó kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, oníkálukú pẹ̀lú pẹ́dàlì tirẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀, Tàjùdéèn, ni wọ́n fi ń kó iṣu bọ̀ láti ọjà Ojoku. Ìbráhìm a jókòó níwájú, a gbé àyà sókè bí ẹni tó fẹ́ jọba. Tàjùdéèn a tẹrí ba lẹ́yìn, a máa làágùn.

"Ẹsẹ̀ mi ló ń gbé kẹ̀kẹ́ yìí rìn," ni Ìbráhìm máa ń wí. "Ẹrù ni ti ẹ̀yìn yẹn."

Tàjùdéèn a kàn máa wà á lọ. Mo kẹ́gàn òun náà. Ọkùnrin tí kò lẹ́nu!

Lọ́jọ́ kan ibà dá Tàjùdéèn dùbúlẹ̀. Kò lè dìde. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni pẹ́dàlì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tó ń dún gbá, gbá. Ìbráhìm kò gbé e wá bá mi. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Ìgbà tó bà á jẹ́ tán ló tó wá.

Irin kan wà tó gba àárín kẹ̀kẹ́ kọjá, tí apá pẹ́dàlì ẹ̀yìn méjèèjì so mọ́. Ife irin méjì ló gbé e dúró, lọ́tùn-ún àti lósì, bọ́ọ̀lù kéékèèké sì wà nínú wọn. Ife ọ̀tún, òsì la ń yí i sí kó tó le. Ọmọ kékeré tó bá ti gbé sípánà rí mọ̀ ọ́n. Ìbráhìm yí i sọ́tùn-ún. Nígbà tí kò wọlé, ó fi òòlù lù ú.

"Ta ló ṣe báyìí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Irin lásán náà ni."

"Orí rẹ náà, irin lásán ni."

Mo fi kẹrosíìnì fọ ihò tí ife ń wọ̀. Mo tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Mo ki gírísì sínú ife tuntun, mo to bọ́ọ̀lù sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yí tọ̀tún sósì, mo yí tòsì sọ́tùn-ún, títí irin náà kò fi mì mọ́, tí kò sì há. Mo ta pẹ́dàlì nípàá. Ó yí. Kò dún rárá.

Ó ku ṣéènì iwájú. Òun ló so pẹ́dàlì iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn ló ń yí táyà. Bí ṣéènì yẹn kò bá sí níbẹ̀, ẹni iwájú ì báà wà á títí ilẹ̀ á fi mọ́, kẹ̀kẹ́ kò ní í kúrò lójú kan. Ọwọ́ mi ni ṣéènì náà wà, mò ń nù ún, tí Ìbráhìm fi gun kẹ̀kẹ́.

"Ọjà Ojoku á tú," ó ní.

Mo jẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ rí i kó tẹ́. Mo ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà gbéra.

Ó gun òkè tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sẹ́ni lẹ́yìn. Pẹ́dàlì ẹ̀yìn ń yí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti rẹ̀. Awọ ìjókòó ẹ̀yìn tẹ̀ wọlé. Ìbráhìm yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ ò rí i? Ẹsẹ̀ mi ni!"

Mo na ṣéènì sí i. Ó wò ó. Ó wo pẹ́dàlì ẹ̀yìn. Ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa lò ó. N kò nílò rẹ̀." Ló bá lọ.

Mo sáré lọ sílé wọn. N kò mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ìyá wọn wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Wọlé, Àkànbí. Wá wo ọmọ yìí."

Tàjùdéèn dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ojú rẹ̀ pa dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, wọ́n ń yí. Ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Òógùn bò ó. Ẹní ń dún ṣùù, ṣùù.

"Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ni ìyá wí. "Ó dúró díẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀."

Mo mọ ìgbà tó dúró: ìgbà tí Ìbráhìm dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni.

A di ẹsẹ̀ náà mú. Agbára ibẹ̀ kì í ṣe ti aláìsàn. Ìyá dùbúlẹ̀ lé ọ̀kan, mo kúnlẹ̀ lé èkejì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rọ̀ wọ̀ọ̀. Tàjùdéèn mí kanlẹ̀, ó sùn.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí Ìbráhìm fi ẹsẹ̀ rìn dé. Eruku bo ojú rẹ̀.

"Kẹ̀kẹ́ dà?"

"Ó ti lọ."

"Ta ló gbé e?"

"Kò sẹ́ni tó gbé e. Ó kọ́kọ́ dẹwọ́, bí ẹni fẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà ló sáré. Irú eré yẹn, Tàjùdéèn kò sá a rí. Mo bẹ́ sílẹ̀. Kò dúró dè mí."

Àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú ní olè ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ. Àwọn mìíràn ní àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé, ìlú tó bá wa pààlà, ni. Gbogbo ohun tó bá sọnù l'Ọ̀fà, àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé ni. Ẹ kú ọgbọ́n.

Nígbà tí ara Tàjùdéèn yá, ó wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe lọ́jọ́ náà?" ni mo bi í.

"Mò ń wa kẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mò ń wo ẹ̀yìn ẹnìkan níwájú mi."

"Ẹ̀yìn Ìbráhìm."

"Rárá o. Mo mọ ẹ̀yìn Ìbráhìm."

"Ta wá ni?"

"Kò yíjú. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ̀ mí, ó ní kí n máa sinmi, òun á máa wà á lọ."

Mo pòṣé. "Ohùn ta ló jọ?"

"Tiyín ni, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀rọ̀ ibà, ìrànrán lásán. Lóòótọ́ ni mo kúnlẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà tó fi sinmi, ṣùgbọ́n n kò lanu sọ ohunkóhun fún un.