Ẹni Tó Ń Ka Ìwé fún Ìyá

“Irọ́ ni! Irọ́ ni, Ìyá! Kì í ṣe tèmi ló kà yẹn!”

Agatha ti fò dìde lórí àpótí ìdáná kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó parí ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju ara rẹ̀ lọ. Dominic, tó fi ọdún méjì jù ú lọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé èsì ìdánwò méjì lọ́wọ́. Kò wo ojú àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn ló kọjú sí.

“Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kà á,” ni ó wí. “Dominic Akínlẹ́yẹ, ipò kejì. Agatha Akínlẹ́yẹ, ipò kẹrìnlélọ́gbọ̀n.”

“Tíṣà pe orúkọ mi níwájú gbogbo kíláàsì! Èmi ni mo gba ipò kejì! Ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín!”

“Ìwọ tó wà ní Ìwé Mẹ́rin ló fẹ́ ka ìwé fún ẹni tó wà ní Ìwé Mẹ́fà?” ni ìyá wọn bi í.

“Ẹ jẹ́ ká mú un lọ bá Katikíìsì nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí Katikíìsì kà á!”

“Kí gbogbo ìlú Aládé lè gbọ́ pé mo bí olódo? Àbí?”

“Ọ̀lẹ àti òpùrọ́ ni Dominic!”

Kò pè é ní Bùọ̀dá. Ìyá gbá a létí kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, ó gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ Dominic, ó kó wọn sínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì ti àpótí náà pa.

Ìparí sáà kìíní ọdún 1954 nìyẹn, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà tí àwọn ọmọ náà ń lọ gba ìsinmi ọdún Àjíǹde. Ní àdúgbò wọn, ó ṣòro láti rí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dí tó ti Olúbísí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Dominic. Ọkọ rẹ̀ ń gé gẹdú nínú igbó Ọ̀rẹ̀, ó sì lè tó oṣù méjì kí wọ́n tó fojú kàn án. Obìnrin yìí nìkan ló ń ro oko kòkó wọn. Òun ló ń ṣe epo pupa tà. Òun náà ló ń bá ọmọ mẹ́ta sá kiri láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti pápá ìṣeré. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, bọ́ọ̀lù Dominic. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, eré sísá Agatha. Ọjọ́ Ẹtì, Bernadette, àbíkẹ́yìn, tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fi ṣíbí gbé ọsàn wẹ́wẹ́ sáré kó má jábọ́. Ìyá ló ń fi búlúù fọ aṣọ funfun wọn, òun ló ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ wọ́n, òun ló sì ń rántí ẹni tí yóò pọn omi lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá wà lórí pápá. Gbogbo rẹ̀, orí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Kò mọ ìwé kà.

Òfin kan ṣoṣo ló ṣe fún wọn: ẹni tí ipò rẹ̀ bá kọjá ìkẹwàá kò gbọdọ̀ tẹ pápá títí sáà mìíràn.

Òfin yìí ló dẹ Dominic wò. Òun ni gólíkípà ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ní Sátidé tó tẹ̀lé Ẹ́ńpáyà Dé, ọjọ́ àjọ̀dún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń sáré ìje ní oṣù Karùn-ún, wọ́n fẹ́ fi lọ́rì gbé wọn lọ sí Àkúrẹ́ láti bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan gbá bọ́ọ̀lù, kò sì tíì wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ rí láyé rẹ̀. Nítorí pé òun ni àgbà, òun ni tíṣà fún ní ìwé tirẹ̀ àti ti Agatha. Ó ṣí wọn lójú ọ̀nà. Ipò kẹrìnlélọ́gbọ̀n nínú ọmọ mẹ́rìndínlógójì ló bá ní tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ jókòó sórí òkúta kan. Lẹ́yìn náà ó wo ti Agatha. Kí ó tó dé ilé, ó ti mọ ohun tí yóò kà.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà, bí àwọn ẹgbẹ́ Agatha bá ti ń lọ sí pápá, òun a máa lọ sí ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe epo. Ó ń ru igi, ó ń pọn omi, ó ń kó ẹyìn sínú agbada. Ìbínú ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. A máa ju igi sílẹ̀ débi pé àwọn obìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣe epo a fò sẹ́yìn. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, a dáhùn “Mà,” kò ní fi ọ̀rọ̀ kejì kún un. Bí Mísì Catherine, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá, bá bi í pé kí ló dé tí kò wá mọ́, a ní, “Ẹ bi ìyá mi.” Ojú ń tì í láti sọ pé ìyá òun kò gba òun gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dominic yọ ẹran inú abọ́ tirẹ̀, ó fi sínú abọ́ Agatha. Agatha mú ẹran náà, ó sọ ọ́ sí ajá.

“Kí ni mo fẹ́ fi ẹran ṣe? Lọ jẹ́wọ́!”

“Màá jẹ́wọ́,” ni Dominic wí jẹ́jẹ́. “Ṣá jẹ́ ká ti Àkúrẹ́ dé.”

“Kẹ́ ẹ ti Àkúrẹ́ dé? Ẹ́ńpáyà Dé á ti kọjá! Ta ló máa sá eré tèmi?”

“Ọdún tó ń bọ̀ á tún sí eré.”

“Ọlọ́run rí ọ,” ni Agatha wí, ó sì dìde, ó fi oúnjẹ sílẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún sí Ẹ́ńpáyà Dé, Mísì Catherine fúnra rẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo. Ìyá Dominic wà lórí ìnàró, ó ń gbọ́n epo kúrò lójú omi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n dé ìgúnpá.

“Ìyá Dominic, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ yọ̀ǹda Agatha fún wa. Nínú eré ọgọ́rùn-ún yáàdì, kò sí ẹlòmíràn tá a lè fi dojú kọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Odòde.”

“Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba ipò kẹrìnlélọ́gbọ̀n, eré wo ló tún fẹ́ sá?”

“Ta ló gba kẹrìnlélọ́gbọ̀n?”

“Agatha náà ni.”

“Rárá o. Ipò kejì ni Agatha gbà. Èmi ni tíṣà Ìwé Mẹ́rin, Ìyá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́.”

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Dominic. Ó yíjú sí ibi tí Agatha dúró sí pẹ̀lú ìdì igi lórí. Ọmọ náà kàn ń wo ìyá rẹ̀, omi sì dà lójú rẹ̀ láìsí ẹkún.

Wọ́n dé ilé, Ìyá ṣí àpótí, Mísì Catherine sì ka ìwé méjèèjì. Nígbà tó kà wọ́n tán, Ìyá ní kó tún wọn kà. Lẹ́yìn náà ó gba ìwé Dominic, ó sì kọrí sí pápá. Kò fọ ọwọ́. Ó gbàgbé gèlè rẹ̀ sílé.

Bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó wọ àárín pápá. Dominic wà láàárín igi méjì, ó wọ jẹ́sì tuntun.

“Dominic!”

Àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn pápá gba orúkọ náà, ó tún un pè. Gbogbo eré dúró.

“Máa bọ̀ níbí. Gba ìwé yìí. Kà á!”

Dominic rí àmì ìka epo lára ìwé náà, ó sì mọ̀ pé ó ti bùṣe. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́—”

“Mo ní kí o kà á! Kà á bó o ṣe kà á fún mi lọ́jọ́ yẹn!”

Ó kà á. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n ibẹ̀ dákẹ́ débi pé gbogbo wọn gbọ́. “Dominic Akínlẹ́yẹ. Ipò kẹrìnlélọ́gbọ̀n nínú ọmọ mẹ́rìndínlógójì.”

“Ti àbúrò rẹ ńkọ́?”

“Ipò kejì.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ yẹn fi ru igi ìyà rẹ! Mo gbá a létí nítorí rẹ! O dúró, ò ń wò mí!”

Tíṣà Olúwagbénga, tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, sún mọ́ wọn. “Ẹ ní sùúrù, Ìyá. Ó ṣẹ̀ yín gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó gbá ti Àkúrẹ́ ná. A ò ní gólíkípà mìíràn.”

Ìyá Dominic yíjú sí i. “Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọ ní Ìwé Mẹ́fà? Ẹ mọ ipò tó wà. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo là ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Mo rò pé ẹ ti rí i nínú ìwé ni.”

“Ìwé!” Ohùn rẹ̀ já. “Ta ló kà á fún mi?”

Tíṣà wolẹ̀. Ìyá na ọwọ́ sí Dominic pé kó bọ́ jẹ́sì náà. Ó bọ́ ọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sílé láìsí ẹ̀wù lọ́rùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá pe Agatha sí yàrá. “Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Èmi gan-an nìyẹn. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Má bínú. Padà sí pápá lọ́la.”

“Mi ò sáré mọ́,” ni Agatha dáhùn. “Mo sọ ọ́ fún yín. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kà á. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ bá Katikíìsì. Ẹ ò gbọ́ ìkankan.”

Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́ ọn lórí yìí jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán. “Òótọ́ lo sọ,” ni ó wí.

Agatha sáré náà ṣá. Mísì Catherine ló bẹ̀ ẹ́. Ní Ẹ́ńpáyà Dé, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Odòde, ìlú tí kò jìnnà sí Aládé, Ìyá sì pa oko àti epo tì lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe fọn fèrè, Agatha bọ́ síwájú. Ìbínú ló ń lé e. Ó wà níwájú títí ó fi ku nǹkan bí ogún yáàdì, nígbà tí itan rẹ̀ méjèèjì wúwo bí òkúta. Ẹsẹ̀ tó ti pa pápá tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Odòde kan kọjá rẹ̀, òmíràn tún kọjá. Ẹnì kẹta tó kọjá rẹ̀ jẹ́ Moríyọ̀, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ẹni tí Agatha máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn nígbà gbogbo kí ọdún Àjíǹde tó dé. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n fún lẹ́bùn. Ẹni kẹrin ni Agatha.

Dominic wà láàárín èrò. Ó rí i bí àbúrò rẹ̀ ṣe dojú bolẹ̀ lórí koríko, tó ń fi ìkúùkù lu ilẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin wọlé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ìbínú ni wọ́n bá dé, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ní kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Láti ìgbà náà, òun ló ń ru igi, tó ń pọn omi níbi epo. Bó bá ti parí iṣẹ́, á jókòó ti ìwé rẹ̀. Kò sí ẹni tó lé e sídìí rẹ̀. Ìyá ní tirẹ̀ fi ohun kan kún iṣẹ́ rẹ̀ tó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Ó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tó ń kọ́ bí a ṣe ń kàwé, níbi tí wọ́n ti ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi í pé ìgbà wo ni yóò máa sinmi. “Ìgbà tí mo bá mọ ohun tí mo ń tì sínú àpótí mi,” ni ó ń dá wọn lóhùn.

Ní oṣù Kejìlá, Dominic yege nínú ìdánwò Ìwé Mẹ́fà. Agbára káká ni, ṣùgbọ́n ó yege. Ọ̀dọ̀ Agatha ló kọ́kọ́ gbé èsì náà lọ, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n níwájú àbúrò.

“Agatha, dárí jì mí.”

“Dìde, Bùọ̀dá,” ni Agatha wí. Láti oṣù Kẹrin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀. “Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n eré yẹn, ta ló lè bá mi sá a padà?”

Ọ̀rọ̀ náà kọ́ Dominic lẹ́kọ̀ọ́ ju ẹgba lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ ìwé kà nínú ilé tí òbí kò ti mọ̀ ọ́n, ojú yín ni wọ́n fi ń ríran. Bí ẹ bá fi irọ́ bo ojú náà, ará ilé yín ni yóò kọ́kọ́ ṣubú. Àṣírí irọ́ yóò tú bó pẹ́ bó yá, ẹni tó pa á sì lè ronú pìwà dà, kí a foríjì í. Ohun tó ti gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí òtítọ́ tó dé, kì í sábà ṣeé dá padà.