Ọjọ́ Kan Tí A Kò Wọn Òjò

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ọdún 2019, ìyàwó mi kú. Ọjọ́rú ni. Ọdún mọ́kàndínlógójì la fi jẹ́ tọkọtaya.

Àwọn ọmọ ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa rẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màá kọ bí a ṣe pàdé, àti bí ó ṣe di ẹni tó kàwé nípa kọ̀ǹpútà. Ohun tí n kò fojú ara mi rí nínú rẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún mi, kì í sì í parọ́.

Lọ́dún 1976, iṣẹ́ ìwé rírán ni mo ń ṣe ní yunifásítì. Ìwé tó bá já, tí ojú ewé rẹ̀ bá ń fò kiri, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó o wá. Mo ń rán an pọ̀, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo tuntun mọ́ ọn. Mo parí ilé-ìwé girama, ibẹ̀ ni mo dúró sí. Yàrá mi wà nísàlẹ̀ ilé, ó fara kan yàrá tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí yunifásítì ní sí. Àtẹ̀gùn kan náà ló já sí ọ̀dọ̀ àwa méjèèjì.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbọ́ ariwo lórí àtẹ̀gùn náà, bí ìgbà tí ọ̀wọ́ ẹyẹ bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jáde. Ọmọbìnrin kan jókòó lórí àtẹ̀gùn kẹta láti ìsàlẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan wà lókè, èkejì wà níwájú ẹsẹ̀ mi. Káàdì yí i ká, ó jókòó sáàárín wọn bí adìyẹ tó ń sàba. Ó gbé ọ̀kan sókè, oòrùn ojú fèrèsé gba inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀ kọjá, ó tò sí i lójú bí ìràwọ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” mo wí.

“Ẹ má wulẹ̀ pẹ̀lẹ́ mi, bọ̀dá. Ẹ bá mi ṣà á.”

“Èwo ló ṣáájú nínú wọn?”

“Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn.”

Ó ṣàlàyé fún mi. Káàdì kọ̀ọ̀kan ló gbé ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀rọ náà. Bí ọ̀kan bá ṣi ipò rẹ̀, ẹ̀rọ á ní òun ò gbọ́. A fi gbogbo ọ̀sán náà tò wọ́n, òun ń ka ihò, èmi ń gbé e síbi tó ní kí n gbé e sí. Nígbà tó pé, mo gbá gbogbo rẹ̀ jọ bí odidi ìwé, mo mú kálàmù pupa, mo fa ìlà kan dábùú etí wọn lókè, láti igun òsì níwájú dé igun ọ̀tún lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé àmì pupa kan bọ́ sí etí káàdì kọ̀ọ̀kan.

“Kí lẹ ń ṣe yẹn?”

“Ohun tí à ń ṣe sí ìwé ká tó rán an ni. Bó bá tún dànù, ìlà ni kó o wò. Ibi tí ìlà bá ti já, káàdì ibẹ̀ ò sí nípò.”

Ó wo ìlà náà, ó wò mí. “Ta ló kọ́ yín?”

“Ọ̀gá mi ni. Ọ̀gá tirẹ̀ ló kọ́ òun náà.”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rin ló wà lókè yẹn,” ó wí. “Kò sẹ́ni tó mọ èyí nínú wọn.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Bọ̀dá Onígọ́ọ̀mù. Èmi náà sọ ọ́ ní Oníbéèrè, nítorí kò sí ohun tí kì í bèèrè. Kí ló dé tí a fi ń fi ìda pa òwú? Kí ló dé tí gọ́ọ̀mù fi ń rùn?

“Kí ló dé tí ẹ ò tíì níyàwó?”

“Ìwé pọ̀ lórí tábìlì.”

“Ṣé ìwé ló máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ogbó?”

Mo rán ojú ibi tí mo ń rán lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kan ó mú mi wọ yàrá ẹ̀rọ náà. Òtútù ibẹ̀ dà bí òtútù ìdájí. Ẹ̀rọ náà ga jù mí lọ, ó gùn ju yàrá tí wọ́n bí mi sí lọ, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ láìsinmi. Mo bọ́ bàtà mi kí n tó wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kí n bọ́ ọ.

“Ṣé ó ń ronú ni?” Mo bi í.

“Kò lè ronú. Ohun tí a bá sọ fún un gẹ́lẹ́ ló ń ṣe. Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ṣì í sọ, á fi àṣìṣe mi hàn mí, kò sì ní bínú.”

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Bàbá Olójò ni wọ́n ń pè é. Ọdún méjìlélógún ló ti ń wọn òjò fún ọ́fíìsì ojú-ọjọ́. Bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá ti lù, yóò lọ sídìí agolo tí òjò ń rọ̀ sí, yóò wo iye tó wà nínú rẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Bí òjò kò bá rọ̀, yóò kọ òfo. “N kò fo ọjọ́ kan rí,” ohun tó fi ń yangàn nìyẹn.

Ní ìparí ọdún àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀kọ́ tí yóò gboyè nínú rẹ̀, kí òbí rẹ̀ sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́rin ni gbígba fọ́ọ̀mù máa parí. Ìpoògùn ni Bàbá mú. Ìlú mìíràn ni wọ́n sì ti ń kọ́ ìpoògùn.

“Àìsàn ò lè tán láyé,” Bàbá wí lórí oúnjẹ.

“Bàbá mi, kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kà.”

“Mélòó ni yunifásítì yín ní?”

“Ẹyọ kan.”

“Bí ẹ̀yin ogún bá kà á tán, tí ẹ jókòó ti ẹyọ kan, ta ló máa gbà yín síṣẹ́? Ẹ̀rọ yẹn?”

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

“Wọ́n tún ní ẹnì kan tó ń ránwèé ń bá ọ rìn. Kí ló kà?”

“Gbogbo ìwé tó bá rán ló ń kà, Bàbá. Ó kà jù mí lọ.”

“Ìwé ẹ̀rí ni mo bèèrè, o ń kó òwú fún mi.”

Ìgbà náà ni Oníbéèrè sọ ohun tó sọ. “Ẹ yá mi ní ìwé òjò yín. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sọ ohun kan nípa òjò yín tí ẹ̀yin fúnra yín kò mọ̀, màá ṣe ìpoògùn. N kò ní bá yín jiyàn mọ́ láé.”

“Nípa òjò mi? Èmi?” Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. “Mo gbà. Lọ kó o.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Káàdì kan fún oṣù kan, ó lé ní igba. Mo ń ka ìwé sókè, òun ń fi ẹ̀rọ kékeré kan lu ihò sí káàdì.

“Ọjọ́ kẹsàn-án, méjìlá. Ọjọ́ kẹwàá, òfo. Ọjọ́ kọkànlá… kò sí nǹkan.”

“Òfo?”

“Rárá. Kò kọ nǹkan kan. Ojú ibẹ̀ mọ́.”

Ó dìde, ó wá wo ọdún tó wà lókè ewé náà. “Kí á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ó wí. “Àìkọ kì í ṣe òfo.” N kò bi í ní ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a lu káàdì tó kẹ́yìn, mo fa ìlà pupa sí wọn lórí. Ó ń wo ọwọ́ mi.

“Bí mo bá pàdánù ńkọ́, Bọ̀dá Onígọ́ọ̀mù? Bí wọ́n bá gbé mi lọ síbi tó jìn?”

“Ibi tí ìwé bá já sí la ti ń rán an,” mo wí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí mo sọ fún un lọ́dún náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ó tó.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Láti aago méjì ààbọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n fún wa lórí ẹ̀rọ. Bàbá Olójò wọ kákí tí wọ́n lọ̀ gbagidi wá. Mo na ọwọ́ láti bá a gba àpótí káàdì.

“Òjò mi ni,” ó wí. “Èmi ni màá gbé e.”

Àtẹ̀gùn kẹta láti ìsàlẹ̀ ṣe bàbá bó ṣe ṣe ọmọ. Bàbá kò ṣubú, ṣùgbọ́n ọdún méjìlélógún dànù sílẹ̀ níwájú wa.

“Mo ti bà á jẹ́,” ó wí. Ojú rẹ̀ kò yangàn mọ́.

“Àkókò yín ti ń lọ o!” ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

Mo kúnlẹ̀. N kò wo ihò, àmì pupa nìkan ni mo ń wò: èyí tó sún mọ́ òsì jù lọ ló ṣáájú, èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó tẹ̀ lé e. Oníbéèrè ń ṣà, èmi ń tò. Kí ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó pé, ìlà náà ti gún láti igun dé igun. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà náà lọ.

“Ta ló fa èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“Hùn,” ó wí.

Ẹ̀rọ náà gbé káàdì náà mì bí ẹni tó ń fi èékánná ṣí ìwé. Ọjọ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ènìyàn ò lè yán tán kó tó kà á tán. Bébà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Oṣù tí òjò pọ̀ jù. “Mo mọ̀ ọ́n,” Bàbá wí. Ọdún tí ọ̀gbẹlẹ̀ pẹ́ jù. “Mo mọ̀ ọ́n.” Ọjọ́ tí òjò rọ̀ jù. “Èmi ni mo kọ ọ́, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni?”

Ìlà kan ló kù. Ó jáde: ọjọ́ tí a kò wọn òjò, ẹyọ kan. Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 1957.

“Irọ́!” Bàbá wí. “Ẹ̀rọ yín ń parọ́ mọ́ mi!”

Mo ṣí ìwé ọdún náà fún un. Ó wo ibi tó mọ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ìyá rẹ ti ń rọbí láti ìdájí,” ó wí fún ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Bí aago mẹ́sàn-án ṣe ń lù ni wọ́n gbé ọ lé mi lọ́wọ́. Òjò ń rọ̀ bí ẹní fẹ́ gbé ilé lọ. Mo ń wo agolo náà láti ojú fèrèsé, ó ń kún, ó ń ṣàn dànù. N kò lè gbé ọ sílẹ̀. Mo ti gbàgbé. Ẹ wò ó, mo ti gbàgbé.”

Ẹ̀rọ náà nìkan ló ń kùn.

“Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọjọ́,” Bàbá wí, “ó ṣa ẹyọ yẹn jáde?”

“Ó ṣà á jáde, Bàbá mi.”

Ó fi ọwọ́ kan ara ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan orí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fún òun ní báírò. Orí tábìlì mi, láàárín òwú àti gọ́ọ̀mù, ló ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Ó yíjú sí mi.

“Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ kí n fọwọ́ sí fún ọ?”

Ẹnu mi kò ṣí.

“Ẹ ní sùúrù fún un, Bàbá. Gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́nu.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, kò gbé èyí mì. “Jẹ́ kó kàwé rẹ̀ parí ná,” ó wí. “Lẹ́yìn náà kó o wá sílé. Ṣùgbọ́n má wá ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi.”

Ó parí ní 1980. Mo lọ ní aago mẹ́wàá. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, bàbá ìyàwó jáde lọ wọ̀n ọ́n, ó padà wá ya fọ́tò nínú aṣọ tútù. Oníbéèrè kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó kún yàrá ṣe kéré títí ó fi wọ àpò aṣọ. Kò yéé yà á lẹ́nu. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó gbé agolo òjò wá sí ẹ̀yìnkùlé wa.

Ohun tó fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí.

Ọmọ mẹ́ta.

Awò ojú méjì. Mo fi òwú ìránwèé so apá ọ̀kan nínú wọn.

Súwẹ́tà tó máa ń wọ̀ nínú yàrá ẹ̀rọ. Ìgúnpá rẹ̀ ti lu.

Ìwé òjò bàbá rẹ̀, tí mo rán pọ̀ di mẹ́rin.

Àpótí káàdì kan. Ìlà pupa orí wọn ti ṣá, ṣùgbọ́n kò já.

Agolo òjò, àti ìwé tó ń kọ ọ́ sí. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dé ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje. Láti ọjọ́ kejìdínlógún, èmi ni mo ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ tó wà láàárín, òjò rọ̀. N kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.