Ebè Tí Souradjou Fi Sílẹ̀

Òwú funfun ni Souradjou kọ́kọ́ rí kó tó rí ọmọbìnrin náà. Òwú ọ̀hún jáde láti inú ebè iṣu kan nínú oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Goro, ó sì forí lé ọ̀nà àbàtà. Ẹlòmíràn ìbá ti figbe ta pé wọ́n fi oògùn sóko òun. Souradjou tẹ̀ lé e ní tirẹ̀, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ọwọ́ ẹni tó kúnlẹ̀ létí omi, tó ń so òwú mọ́ kọ̀ǹkọ̀ kan níbàdí.

“Mademoiselle, kí ni kọ̀ǹkọ̀ ṣẹ̀ ẹ́ tó o fi dè é?”

Kafilatou rẹ́rìn-ín. Ó ní yunifásítì Parakou lòun ti ń kẹ́kọ̀ọ́, òun fẹ́ mọ ibi tí kọ̀ǹkọ̀ ń forí pamọ́ sí bí òjò bá dáwọ́ dúró, àti ọjọ́ tí yóò jáde. Bó bá ṣe ń lọ, òwú á máa tú lẹ́yìn rẹ̀. Souradjou ti ń jẹ kọ̀ǹkọ̀ láti kékeré, kò sì bi ara rẹ̀ rí ibi tó ń sùn lẹ́ẹ̀rùn. Láràárọ̀ ni wọ́n wá jọ ń tẹ̀ lé òwú kiri. Kí wọ́n tó mọ̀, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Imorou, bàbá Kafilatou, ní ẹni tó bá fẹ́ ọmọ òun gbọ́dọ̀ kó ọ̀wẹ̀ wá, kó kọ ebè oko òun tán kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni méjì ti kùnà.

Souradjou kó ọ̀rẹ́ mẹ́wàá wá. Nírọ̀lẹ́, ó ku ebè àtijọ́ kan péré. Ó gbé ọkọ́ sókè, ó rí òwú tó wọnú rẹ̀. Gbogbo òwú yòókù ló ti já. Kọ̀ǹkọ̀ yìí nìkan ló kù fún Kafilatou.

“Kọ ọ́, Sura,” ni Kafilatou wí, omi ti lé sí i lójú. “Mo fẹ́ ẹ ju kọ̀ǹkọ̀ lọ.”

“O fẹ́ mọ ọjọ́ tó máa jáde. Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n.” Souradjou gbé ọkọ́ kalẹ̀.

Oòrùn wọ̀. Imorou ní iṣẹ́ ò tán, òun ò lọ́mọ tí òun máa fún un. Ṣùgbọ́n ó bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú ebè, wọ́n sì sọ fún un. Ogójì ọdún ló ti ń dáko, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, kò sí àárọ̀ tí kì í yà wo ebè náà, bó tilẹ̀ ń sọ pé igi ìdáná lòun ń wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òun ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Ilẹ̀ ebè là díẹ̀díẹ̀, orí yọ, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Òwú tó ti pọ́n ṣì wà níbàdí kọ̀ǹkọ̀. Kafilatou tú u sílẹ̀, kọ̀ǹkọ̀ sì bẹ́ lọ.

“Ọjọ́ mélòó?” ni Imorou bi í.

“Mẹ́tàléláàádọ́jọ, Bàbá.”

Bàbá mirí. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé Souradjou lọ́wọ́.

“Ó yá, kọ ọ́ tán. Oòrùn òní ò tíì wọ̀.”