Ìkéde Tí Ewúrẹ́ Gbọ́

Ewúrẹ́ ni ó kún ojú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ káńsù yà wọ àdúgbò Ìdí-Ayunrẹ́ ní Ọ̀tà. Wọ́n sùn sábẹ́ ibòòji ògiri ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Bàbá Akíndé, awakọ̀, tẹ fèrè. Wọn kò dìde. Ó yà fún wọn.

Ràbíátù gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ ẹnu. Àdúgbò tirẹ̀ nìyí. Ilé wọn ni ó wà níwájú yẹn, tí kànga wà láàárín rẹ̀ àti ilé kejì.

"Ẹ̀yin ará Ìdí-Ayunrẹ́, káńsù ní kí á sọ fún yín o. Àwọn onímọ̀ ìlera ti yẹ omi kànga yín wò. Oró aró láti ilé iṣẹ́ ti jò wọ inú rẹ̀. Ẹ má mu ún mọ́. Ẹ má fi se oúnjẹ. Omi tánkà wà ní ẹnu ọ̀nà káńsù, ọ̀fẹ́ ni..."

Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́ládé, ọ̀gá ẹ̀ka ìròyìn ní káńsù, jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, ó yí ohùn wálẹ̀, ohùn Ràbíátù wá dà bí ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

"Ohùn ò jáde mọ́ sà," ni Ràbíátù wí.

"Ó ń jáde. Àbí ìwọ ò gbọ́ ara rẹ ni?"

"Mo gbọ́ sà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni níta."

"Ta ló ní kí wọ́n má wà níta?"

Òótọ́ ni, kò sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkùnrin wà ní ṣífùtì àárọ̀. Àwọn obìnrin ti lọ sí ọjà Sángò. Àwọn ọmọ wà ní ọlidé, ìyẹn ni pé wọ́n ń kiri ọjà fún ìyá wọn. Ní irú àkókò yìí ní Ìdí-Ayunrẹ́, olè gan-an kò ní rí ẹni tí yóò sá fún.

Bàbá Akíndé húkọ́. "Sátidé ìmọ́tótó mà kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ayé ló máa wà nílé lọ́jọ́ yẹn, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. Tí a bá kúkú dúró dìgbà náà ńkọ́?"

"Bàbá, ọkọ̀ ni wọ́n gbà yín fún. Ẹ wa ọkọ̀."

"Mo ń wà á. Mo kàn ń rọra ni, kí n má baà pa olùgbọ́ wa." Ó tún yà fún ewúrẹ́ kan.

Gbọ́ládé kò rẹ́rìn-ín. "Òfin ní kí á kéde, kí á kéde ní Yorùbá, ní àdúgbò wọn. Ohun tí à ń ṣe nìyẹn. Òfin ò ní kí á máa fa ènìyàn létí."

Ọdún Sáàpù ni, tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú. Ẹni tí ó ti gbọ́n nígbà náà kò nílò àlàyé. Ẹni tí kò tí ì dé ayé, kí ó bi ìyá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró lójoojúmọ́, àwọn tí wọ́n jáde ní yunifásítì sì ń rìn kiri Ọ̀tà, wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí wọn sínú láílọ́ọ̀nù. Láwàlì, bàbá Ràbíátù, ti ń hun kúbùsù láti ìgbà èwe rẹ̀ kí wọ́n tó ní kí ó máa lọ sílé. Ìsmáílà, ẹ̀gbọ́n Ràbíátù, nìkan ni ó ṣẹ́kù tí ń rí iṣẹ́ ṣe nínú ilé, inú ilé iṣẹ́ aláró yẹn náà sì ni. A ó fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n.

Ibi ayẹyẹ ìparí ọdún ní ilé ẹ̀kọ́ ni Gbọ́ládé ti gbọ́ ohùn Ràbíátù. Ó ní ohùn ọmọ yìí já geere, kí ó wá máa bá káńsù kéde ní ọlidé. Ó ní tí ó bá ti ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, tábìlì àti àga ń dúró dè é ní káńsù. Láti ọjọ́ náà, Láwàlì kì í kírun tán kí ó má dárúkọ Gbọ́ládé nínú àdúà.

Nígbà tí wọ́n dé ìpẹ̀kun àdúgbò, Gbọ́ládé ní kí Ràbíátù sọ̀ kalẹ̀. Òun náà sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn wò kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ pé ibí lò ń gbé. Sọ fún ìyá rẹ, èmi ò ní kí o pa ará ilé rẹ. Ṣùgbọ́n kí ó má kọjá àjà ilé yín. Tí ariwo bá ta, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á lọ. Ọkùnrin mélòó ló ń jẹun níbẹ̀ ní àdúgbò yín? Ẹ̀gbọ́n rẹ náà ń bẹ níbẹ̀, àbí? Tí wọ́n bá wá ń wá ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọn ò ní sọ pé káńsù ni. Ràbíátù ni wọ́n máa pè."

Ràbíátù kúnlẹ̀. Ó ní, ẹ ṣeun sà. Ẹ̀rù ló mú un kúnlẹ̀.

Nígbà tí Mùíbátù, ìyá rẹ̀, ti ọjà dé, Ràbíátù sọ fún un nínú yàrá. Mùíbátù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló tún gbọ́?"

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ o, Mọ̀mí."

"Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Tí Ìsmáílà bá pàdánù iṣẹ́ yẹn, kí la fẹ́ máa mu, omi tánkà nìkan?"

Láti ọjọ́ náà ni ìyá àti ọmọ ti ń lọ pọnmi ní káńsù. Ọ̀nà náà jìn. Àwọn ará àdúgbò sì ní ojú.

"Ẹ wo àwọn aráa káńsù," ni obìnrin kan wí bí wọ́n ti ń kọjá. "Omi kànga ò bá ipò wọn mu mọ́."

"Ó lè jẹ́ pé tánkà ni wọ́n fẹ́ fẹ́ Ràbíátù fún," ni èkejì dá a lóhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Mùíbátù náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe.

Ohun kan wà ní agbo ilé náà tí wọn kì í fi ṣeré. Wọ́n ń pè é ní omi àárọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ìdí kànga ní ìdájí, korobá ilé kejì ni yóò kọ́kọ́ pọn kún kí ó tó pọn tirẹ̀. Nítorí ìrun àárọ̀, Ràbíátù ló máa ń kọ́kọ́ jí. Ilé kejì ni Ẹfúnkẹ́ ń gbé, obìnrin ará Ìkirè kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Wọ́n ní ọmọkùnrin kékeré kan, Àpọ́nlé ni orúkọ rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì ìkéde, Ràbíátù dúró sí ìdí kànga, ó ń wo korobá Ẹfúnkẹ́. Tí kò bá pọn ọ́n, Ẹfúnkẹ́ yóò bi í pé kí ló dé. Tí ó bá bi í, kí ni yóò sọ? Ó ju okùn sílẹ̀. Ó fa omi. Omi náà mọ́ lójú, ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè fura. Ó pọn korobá náà kún, ó fi ọmọrí bò ó, ó lọ fi omi tánkà ṣe àlùwàlá.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, ó tún pọn ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kò dúró wo korobá náà mọ́ kí ó tó pọn ọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ẹfúnkẹ́ wá dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn, Àpọ́nlé dì mọ́ ìró rẹ̀.

"Ìyá Ìsmáílà, ẹ má bínú o. Kí lẹ rí nínú kànga wa tí ẹ fi ń fẹsẹ̀ rìn dé káńsù? Ẹ sọ fún mi, aládùúgbò ni wá."

Mùíbátù tẹ orí ba, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ràbíátù wo ìyá rẹ̀, ó wo Àpọ́nlé. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó dé ibẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni ó rántí Ìsmáílà, ó rántí tábìlì àti àga.

"Bàbá mi ni, Mà. Inú ló ń run wọ́n. Wọ́n ní omi tánkà ló bá wọn lára mu."

"Ṣé ẹ rí i? Mo ní kò lè jẹ́ nǹkan kan." Ọkàn Ẹfúnkẹ́ balẹ̀. "Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Àpọ́nlé, o ò dúpẹ́ omi àárọ̀ lọ́wọ́ àǹtí ẹ?"

"Ẹ ṣé omi, àǹtí Ràbíátù," ni ọmọ náà wí.

Kò pẹ́ tí inú àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Àwọn kan ń bì, ara ń yún àwọn mìíràn. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní mángòrò ni. Ti Àpọ́nlé kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹfúnkẹ́ pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, bàbá rẹ̀ ló gbé e, wọ́n sì ti fi aṣọ bò ó lójú.

Dókítà ló la ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Ó bi Ẹfúnkẹ́ pé omi wo ni wọ́n ń mu. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní, "Kànga Ìdí-Ayunrẹ́ kẹ̀? Ṣé káńsù ò kéde fún yín ni?"

Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, àdúgbò dìde lọ sí káńsù. Wọn kò mú igi, wọn kò mú òkúta. Ìbéèrè ni wọ́n mú lọ. Gbọ́ládé jáde sí wọn nínú aṣọ funfun, ó káàánú wọn dáadáa kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Káńsù kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ará ìlú. Ohun tó bá jẹ́ tiyín, gbangba la ti ń sọ ọ́. A kéde. Ọmọ yín ló sì kéde fún yín." Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Ràbíátù, súnmọ́ bí. Ṣé a kéde, àbí a ò kéde?"

Gbogbo ojú yí padà. Ràbíátù sún mọ́ ọn.

"A kéde sà."

"Èdè wo?"

"Yorùbá."

"Níbo?"

"Ní àdúgbò wa."

"Ẹ ti gbọ́ ọ," ni Gbọ́ládé wí. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ó dun Ràbíátù jù nìyẹn, pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀.

Ẹfúnkẹ́ jáde láàárín èrò. Kò pariwo. "Ràbíátù, lọ́jọ́ tí mo wá bi yín léèrè nílé, ṣé ẹ ti kéde nígbà yẹn?"

"A ti kéde, Mà."

"O sì ń pọn omi àárọ̀ fún mi?"

"Mo ń pọn ọ́n, Mà."

Ibẹ̀ ni ẹnu Ràbíátù wá tú. Ó ní ọ̀sán iṣẹ́ ni wọ́n wá. Ó ní wọ́n yí ohùn ẹ̀rọ wálẹ̀, pé ewúrẹ́ nìkan ló wà níta. Bàbá Akíndé, tí ó ń nu gíláàsì ọkọ̀, dáwọ́ dúró. "Òótọ́ lọmọ yẹn sọ," ni ó wí. "Èmi ni mo wa ọkọ̀." Èrò ń kùn.

Ṣùgbọ́n Ẹfúnkẹ́ kò wo Gbọ́ládé. "Wọ́n yí ohùn ọkọ̀ wálẹ̀," ni ó wí. "Mo gbọ́. Tìẹ ńkọ́? Ta ló yí tìẹ wálẹ̀?"

Títí di òní, Ràbíátù ṣì ń wá èsì ìbéèrè náà.

Ẹ má rò pé nǹkan bàbàrà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n gbé Gbọ́ládé lọ sí Adó-Odò, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá Akíndé lọ sinmi, pé ó ti dàgbà. Ẹlòmíràn jókòó sórí àga tí wọ́n ní ó ń dúró de Ràbíátù. Ilé iṣẹ́ aláró kò ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo. Nígbà tí ó yá, òwú di ọ̀wọ́n, wọ́n dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, Ìsmáílà wà nínú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dákẹ́ bá ìdákẹ́ náà lọ.

Sátidé ìmọ́tótó tí ó tẹ̀ lé ìsìnkú Àpọ́nlé dé. Ràbíátù jáde láìmú ẹ̀rọ kankan dání. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbálẹ̀ tí wọ́n ń kó gọ́tà. Ó ń sọ ohun tí ìkéde náà wí, ó ń sọ ibi tí omi tánkà wà, ó ń sọ ohun tí òun náà ṣe. Wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn kan mi orí. Kò sí ẹni tí ó ní ó ṣeun.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó ru omi tánkà tí ó ti pọn sílẹ̀ ní alẹ́, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé Ẹfúnkẹ́ láti lọ dà á sí korobá. Ó bá korobá náà ní ìdojúdé. Ó dúró pẹ̀lú omi lórí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹfúnkẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, ó rí i, ó tún ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó dojú korobá náà sókè.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń kàwé yìí, ìjọba lè sọ̀rọ̀ kí ó má sì fẹ́ kí a gbọ́. Ẹ máa bèèrè, nítorí ohun tí ó jẹ́ ti ìlú, ti gbogbo ìlú ni. Ṣùgbọ́n bí etí yín bá gbọ́ ọ kí etí aládùúgbò tó gbọ́, ẹ má gbé e pamọ́ sábẹ́ àjà ilé yín. Ẹni tí ó mọ̀ tí kò sọ, òun ni ó pọn omi náà.