Oyèbọ́lá Kọ Òògùn Ìsanra

"Gba ìgò yìí. Ṣíbí méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́," ni Ìyá Oǹdó wí, ó sì na òògùn náà sí Oyèbọ́lá.

Oyèbọ́lá kò nawọ́ gbà á. Ànúolúwapọ̀, àbúrò rẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́jọ, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fúyẹ́ bí ẹni pé aṣọ lásán ni ó pọ̀n.

"Kí ni ó ń ṣe, mà?"

"Òògùn ìsanra ni. Ọkùnrin kan ló ń kiri rẹ̀ ní gáréèjì. Ọmọ aládùúgbò mi lò ó, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Kí ìyá yín sì já ọmú lẹ́nu ọmọ yìí. Omi lásán ló kù nínú ọmú yẹn."

Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni Ìyá Oǹdó. Bí ó bá ti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́, ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Màmá Oyèbọ́lá, tó ń ránṣọ ní Ọjà Ọba, kàn ń wo ilẹ̀ ni. Àwọn ará ọjà ti bi í títí pé, "Ṣé ara ọmọ yín ò yá ni?" Ìtìjú ti pa á lẹ́nu mọ́.

Oyèbọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní fún un. A ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Èmi lò ń dá lóhùn? Ṣé ilé ìwé ló ń gùn ọ́ ni?"

"Rárá o, mà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fún un."

Bàbá rẹ̀ gbọ́, inú bí i. "O ò ní bá kíláàsì yín lọ sí Òkè Ìdánrè lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ohunkóhun bá sì ṣe ọmọ yìí, ọrùn rẹ ló wà!"

Omijé bọ́ lójú Oyèbọ́lá. Oṣù méjì ni wọ́n ti fi ń múra ìrìn àjò náà. Síbẹ̀ kò yí ohùn padà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń wọ ọkọ̀, ó wí fún màmá rẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ wọ̀n ní ilé ìwòsàn."

"Kí ni mo máa wí fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ?"

"Ẹ sọ pé èmi ni mo fà yín lọ."

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó wò ó, ó sì mú gèlè.

Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Ọláyínká wọn ọmọ, ó rí i pé ó fúyẹ́ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà. Ó wo bí ó ṣe ń mu ọmú. "Ọmú yín ò lábùkù, Ìyá Ànú. Kí lẹ tún ń fún un?"

"Ògì. Mo máa ń pò ó kó ṣàn dáadáa, kó má baà há a lọ́fun."

"Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀! Ọmú nìkan tó o títí tó fi pé oṣù mẹ́fà. Ní báyìí, ẹ má já a o, ẹ máa fún un nígbàkúùgbà tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ògì ki, kó má ṣàn dànù nínú ṣíbí. Ẹ fi ẹ̀pà tí ẹ lọ̀ kúnná sí i, tàbí edé, tàbí ẹyin sísè àti epo díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ẹ má fi tipá bọ́ ọ." Nígbà tí ó gbọ́ nípa ìgò náà, ó mi orí. "Òògùn tí kò lórúkọ, ẹ má fi kàn án lẹ́nu. Òmíràn ń mú ọmọ wú ni, wíwú kì í sì í ṣe sísanra."

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ ń tu ògì náà dà sí Oyèbọ́lá lára. Kò bínú. Yóò sinmi díẹ̀, yóò tún gbé ṣíbí. Lọ́jọ́ kẹrin, Ànú ya ẹnu fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, nọ́ọ̀sì wọn ọmọ, ó pàtẹ́wọ́.

Ìyá Oǹdó tún dé, ó gbé ọmọ sókè. "Háà, ó ti wúwo! Òògùn mi ṣiṣẹ́!"

"Rárá o, mà," ni Oyèbọ́lá fèsì. "A ò fi kàn án lẹ́nu rí. Ọmú àti ògì tó ki, tí a fi ẹ̀pà lílọ̀ sí, ni."

Bàbá wúkọ́. "Ọmọ yìí ló jàre, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ṣì í bá wí."

Ìyá Oǹdó kò tọrọ àforíjì. Ó kàn béèrè jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ̀pà yẹn, ṣé ẹ yan án kí ẹ tó lọ̀ ọ́?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fágbà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbẹ̀rù fọwọ́ sí ohun tó lè pa ọmọ lára. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, kí ẹ sì dúró lórí òtítọ́, kódà bí ó bá ná yín ní ohun tí ẹ fẹ́ràn.