Ẹni Tó Ń Gé Okùn Ìmọ́lẹ̀

N kò bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì bu omi là á. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀.

Oníwáyà ti ti ilẹ̀kùn ilé ìyá rẹ̀ wọlé, àpò ìrìnàjò léjìká, àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, gílóòbù ẹnu ọ̀nà tàn. Ó kọjá iwájú yàrá ìyá rẹ̀, ti ibẹ̀ náà tàn. Ó dé iwájú ilé ìdáná, ìkẹta tàn. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá tàn ni fóònù inú àpò rẹ̀ ń dún. Oníwáyà rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní kì í dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Awakọ̀ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ìdí wáyà ni ọkàn rẹ̀ wà. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá jókòó ti dọ́ráfù, òun á wà ní kọ̀rọ̀ kan tó ti ń tú rédíò ẹni ẹlẹ́ni palẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá tó bí i lọ́mọ pàápàá fi ń pè é ní Oníwáyà.

Màmá nìkan ló ń gbé ilé náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló là á já: ẹnu ọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀, yàrá Màmá láàárín, ilé ìdáná àti pálọ̀ ní ìparí. Kò ní fèrèsé. Bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn bí iná níta, dúdú ni ibẹ̀ máa ń wà. Ibẹ̀ ni Màmá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà ni ọkàn Oníwáyà kò ti balẹ̀ mọ́ lójú ọ̀nà.

Ó wá so àwọn ojú kéékèèké mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà níbi mẹ́ta, méjì méjì, tí wọ́n ń wo ara wọn. Láàárín ojú méjì ni okùn ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ènìyàn kò lè rí. Ẹni tó bá gé okùn náà kọjá, gílóòbù á tàn fún un, fóònù Oníwáyà á sì dún níbikíbi tó bá wà. Á kọ orúkọ ibẹ̀ síta.

Láfẹ̀mọ́jú, nígbà tó bá ṣì ká jọ sẹ́yìn ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ nílùú onílùú, fóònù á dún. *Yàrá.* Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, *Ilé ìdáná.* Á sọ fún ara rẹ̀ pé, "Màmá ti jí." Á bọ́jú, á tan íńjìnnì. Kì í gbéra kó tó rí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní òun kò ní fi gílóòbù ṣọ́ ìyá òun. Àgbàlagbà kì í dá gbé. Ó fẹ́ mú Màmá lọ sílé tirẹ̀. Màmá ní òun kò lọ síbì kankan, ilé òun ni òun yóò ti jẹ ayé òun parí. Oníwáyà gbè sẹ́yìn Màmá. Ó fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ lórí fóònù pé, "Ẹ wá wò ó fúnra yín. Bí Màmá bá rìn kọjá tí gílóòbù ò tàn, ẹ mú wọn lọ lọ́jọ́ náà. Mi ò ní jiyàn."

Màmá náà ní òun fara mọ́ ọn.

Ọjọ́ náà rèé. Màmá wà lórí àga ní pálọ̀, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Ènìyàn kúkúrú ni, ọjọ́ orí sì ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. O rù. Ṣé wáyà ni wọ́n ń fún yín jẹ lójú ọ̀nà ni?"

Ilẹ̀kùn ìta dún. Gílóòbù kan tàn, ìkejì tàn, ìkẹta tàn. Nọ́ọ̀sì ló ń bọ̀, ó ga bí òpó iná. Ó ń fa báàgì ńlá kan tó ń mì sọ́tùn-ún sósì, nítorí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Báàgì ta nìyẹn, Àǹtí?" ni Oníwáyà bi í.

"Ti Màmá, bí iná rẹ bá já ọ kulẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ṣáà rí i pé ó tàn fún yín."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣubú."

Màmá fi abẹ́rẹ́ gún apá àga, ó dìde. "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n rìn fún yín bí ìyàwó tuntun."

Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ṣì, ṣì, ṣì. Òkùnkùn gbé e mì. Wọ́n ń gbọ́ ọ, wọn kò rí i. Sálúbàtà náà dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó ń bọ̀. Gílóòbù kankan kò tàn. Fóònù kò dún.

"Ẹ tún rìn, Màmá," ni Oníwáyà wí.

Ó tún rìn. Òkùnkùn náà ló tún rìn já.

Oníwáyà dìde, ó gba ibẹ̀ kọjá fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn tàn. Ó fa Màmá mọ́ra, ó mú un dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé gèlè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ náà lọ sókè, títí ó fi kan ojú ara ògiri. Àyè tó wà láàárín wọn gba ìkúùkù méjì.

Ọjọ́ tó so wọ́n, Màmá lọ kí aládùúgbò, ọkọ̀ sì ń dúró dè é. Àyà ara rẹ̀ ló fi wọn ògiri. Ara rẹ̀ náà ló fi dán an wò.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. "Oníwáyà, ara rẹ lo fi gé aṣọ ìyá rẹ." Ó ṣí báàgì náà. "Ó parí, Màmá. Ẹ jẹ́ ká kó ẹrù yín."

Ojú Oníwáyà wà lára fóònù. Ó ń fi ìka yí àkọsílẹ̀ àràárọ̀ inú rẹ̀ sókè, sísàlẹ̀. Yàrá. Ilé ìdáná. Yàrá. Ilé ìdáná.

"Ẹ dúró ná. Màmá, ṣé iná yìí ò tíì tàn fún yín rí?"

"Fún èmi kẹ̀? Tọ́ọ̀ṣì ni mò ń lò."

"Ẹ máa ń sọ fún mi pé ó ń tàn dáadáa."

"Ó ń tàn dáadáa. Mo máa ń rí i lábẹ́ ilẹ̀kùn láfẹ̀mọ́jú, kí n tó dìde. Mo ní ìwọ lò ń tàn án láti ibi tó o wà, kí n lè mọ̀ pé o ti jí. Mo sì máa ń dá ọ lóhùn. Mo máa ń ní, 'Ṣé o jí ire?' Á sì kú."

Oníwáyà gbójú kúrò lára fóònù. "Mi ò lè tàn án láti ibẹ̀, Màmá. Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ń kí mi."

Omi ẹ̀rọ ń kán nílé ìdáná, tó, tó. Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì dúró lórí síìpù.

"Alángbá ni," ni ó wí.

"Alángbá kì í rìn lójú òfuurufú, Àǹtí."

"Kòkòrò ńkọ́?"

"Kòkòrò tó máa kọ́kọ́ kọjá ní yàrá, tó máa wá kọjá nílé ìdáná, lójoojúmọ́?"

Fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó wò ó. Gílóòbù iwájú yàrá Màmá ti tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà sára ògiri, ó dà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

"Ó máa kú báyìí," ni Oníwáyà wí. "Tí ẹni náà bá ti kọjá, kì í pẹ́ kú."

Kò kú.

"Àfi tó bá dúró sójú okùn." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Omi ẹ̀rọ pàápàá kò kán mọ́. Màmá na ọrùn wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ẹ káàsán o," ni ó wí.

Tẹ́lẹ̀, ọmọ ló rò pé òun ń kí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kí i bí ẹni ń kí àgbà.

Gílóòbù kú.

Oníwáyà ti ṣí àpótí irinṣẹ́. "Mo máa tú gbogbo ẹ̀ kúrò."

"Fi í sílẹ̀ níbi tó wà," ni Màmá wí. Ó padà jókòó, ó fa abẹ́rẹ́ yọ lára àga. "Tèmi ni kó o wá ṣe sísàlẹ̀."

"Àdéhùn ni àdéhùn, Màmá," ni Nọ́ọ̀sì wí, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń wò. "Ẹ rìn, kò tàn."

"Òótọ́ ni. Mo rìn, kò tàn. Ṣùgbọ́n kí lo ní kí n torí ẹ̀ wá sílé rẹ?"

Nọ́ọ̀sì gbé ojú kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O ní mo dá gbé." Màmá ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. "Ta ló dá gbé báyìí?"

"Ẹ̀rù ò bà yín?" ni Oníwáyà bi í.

"Àràárọ̀ ló ń jí mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe mí níbi ò ní dúró gba ìkíni lọ́wọ́ mi."

Nọ́ọ̀sì fa síìpù báàgì náà padà, òfìfo bó ṣe gbé e wá. Ó dé ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà ni òun, tó ga bí òpó iná, tẹ ara rẹ̀ wálẹ̀, ó tẹ̀ bí ẹni tó ń gba abẹ́ okùn aṣọ kọjá, ó sì gbé báàgì mọ́ àyà kó má baà dún. Ó gba iwájú ilé ìdáná. Kò tàn. Ó gba iwájú yàrá. Kò tàn.

Ọ̀nà ṣì kù fún un kó tó dé ìta nígbà tí gílóòbù ẹnu ọ̀nà, tí kò tíì dá tàn rí, tàn níwájú rẹ̀, bí onílé tó ṣáájú àlejò lọ ṣílẹ̀kùn.

Ó dúró díẹ̀ létí ìmọ́lẹ̀ náà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde.