Fídíò Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Ọjọ́bọ̀ ni Sarat rí i pé fídíò bàbá òun ti pòórá. Ọ̀la sì ni àdúà ogójì ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í hàn! Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á sílẹ̀ kó tó kú, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni. Sarat ò tíì láyà láti wò ó. Orí áàpù tí Sarat fúnra rẹ̀ ṣe ní àdúgbò Muchia nílẹ̀ Hausa ló wà, èyí táwọn ẹbí fi ń gé fídíò láti ibi yòówù tí wọ́n bá wà. Ẹ̀dà kékeré ń bẹ lórí fóònù oníkálukú. Béèyàn bá tẹ àṣẹ kan, fóònù rẹ̀ á ṣe é lójú ẹsẹ̀, àṣẹ náà á wá máa dúró de nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná ni àṣẹ ìparẹ́ wọlé. Jemima, ọmọ Wusasa tó ń bá Sarat ṣiṣẹ́, ló wà nídìí kọ̀ǹpútà ní Muchia nígbà náà, ni gbogbo ilé bá ń wò ó bí olè. Ó ṣàlàyé fún Ìnsípẹ́kítọ̀ Oyèládé, ọlọ́pàá tí wọ́n pè, pé òun ò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá tí bàbá ń sọ, àwòrán lòun ń tò.

Abdulmutalib, ẹ̀gbọ́n Sarat, ní oko màlúù lẹ́yìn Shika lòun wà látàárọ̀ àná, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í dé ibẹ̀, aago mẹ́rin lòun padà wọ Sabon Gari. Ó wá fi òwe tì í: "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

Ẹnu rẹ̀ ló fi pe òtítọ́ o.

Oyèládé yíjú sí Àlájà, ìyá wọn, ó béèrè fóònù rẹ̀. Àlájà ní òun ti pa dátà láti Jímọ̀ tó kọjá. Kó má baà tán, ìgbà wáàsí Jímọ̀ nìkan lòun ń tàn án.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án o. Àṣẹ ìparẹ́ ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín."

Ó wá kọjú sí Abdulmutalib. "Àkókò oríṣi méjì ni áàpù yìí ń kọ sílẹ̀: ìgbà tí wọ́n tẹ àṣẹ àti ìgbà tó wọlé. Aago mẹ́rin ni àṣẹ wọlé, ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, lórí fóònù. Wákàtí méje ló fi dúró níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí. Jemima ò kúrò ní Muchia. Ta ló wà lóko?"

Abdulmutalib jókòó sílẹ̀. Ó ní bàbá ń sọ nínú fídíò pé Abdulmutalib ò wá wo òun nígbà àìsàn. Báwo lòun ṣe fẹ́ jókòó láàárín èrò gbọ́ ìyẹn?

"Áàpù fi hàn pé ìṣẹ́jú kẹta lo wò ó dé," ni Oyèládé wí. "Ìṣẹ́jú márùn-ún ni fídíò náà."

Ó tẹ fóònù Àlájà. Àwòrán náà kéré, ṣùgbọ́n ohùn bàbá já gaara: "Ẹ sọ fún Abdulmutalib pé inú ò bí mi sí i. Bí mo bá rí i, n ó kàn bi í bóyá ó ti jẹun ni."

Ara tu gbogbo ilé. Sarat dì mọ́ Jemima, ó tọrọ àforíjì, ó sì fi Hausa sọ ohun tí bàbá wí fún un. Ọlọ́pàá ní ẹjọ́ ti tán. Abdulmutalib ń sunkún bí ọmọdé.

Àlájà dìde, ó lọ bu oúnjẹ túwó wá fún un.